Àdìrẹ inú àpótí Màmá Àgbà: ká tà á ni, àbí ká fi pamọ́?

Ọmọ Ìtòkú: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Bí a ṣe ń palẹ̀ ẹrù màmá wa àgbà tó di olóògbé mọ́ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, a bá àdìrẹ kan nísàlẹ̀ àpótí. Abala méjì ni wọ́n rán pọ̀ láàárín. Àwòrán ọba òyìnbó kan àti ayaba rẹ̀ wà nínú òbìrìkítí, ewé àti ẹyẹ sì yí wọn ká. Wọ́n kọ lẹ́tà sábẹ́ rẹ̀, àmọ́ àwọn lẹ́tà kan kọjú sẹ́yìn. Ojú kan ni bátànì rẹ̀ ti hàn, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú ṣáá. Àbúrò bàbá mi ní ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹnì kan ti wá láti Èkó, ó ní òun fẹ́ rà á. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹlẹ́kọ gidi ni, àdìrẹ tí wọ́n fi ẹ̀kọ ya bátànì sí kí wọ́n tó rẹ ẹ́ láró? Báwo la ṣe máa yọ ìpẹtà tí ìṣó àpótí fi sí i létí? Ká tà á ni, àbí ká fi pamọ́?

Bọ̀dé Kútọ̀: Ẹ tà á. Ẹni tó ni ín ti lọ, kí ni àpótí fẹ́ fi ṣe?

Ìyá Wùràọlá: Ẹ kú àṣẹ̀yìndè màmá o. Ọlọ́run á dẹ ilẹ̀ fún wọn. Mi ò tíì ka gbogbo rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n ẹ má ta aṣọ òkú fún ará Èkó.

Bọ̀dé Kútọ̀: Màmá, ta ló pè é ní aṣọ òkú? Inú àpótí ni wọ́n ti rí i.

Àṣàbí Aláró: Ẹlẹ́kọ ni, mo lè fọwọ́ sọ̀yà. Ẹ̀yìn tó dúdú yẹn ló fi hàn. Ojú kan ṣoṣo ni à ń ya ẹ̀kọ sí. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró ò ní ráyè débẹ̀. Ká ní oníko tí wọ́n fi ìko dì, tàbí alábẹ́rẹ́ tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ rán ni, ojú méjèèjì ni bátànì ì bá ti hàn. Láfún ni à ń fi ṣe ẹ̀kọ ọ̀hún. A ó po álọ́ọ̀mù mọ́ ọn, a ó rò ó lórí iná títí yóò fi ki, a ó wá sẹ́ ẹ kí kókó má bàa kù síbẹ̀. Tó bá ti gbẹ lára aṣọ ni a ó tó rì í sínú ìkòkò aró. Bí aṣọ bá kọ́kọ́ jáde, àwọ̀ ewé ni ẹ ó rí lára rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró lójú yín báyìí. A ó tún rì í, a ó tún sá a, títí yóò fi dúdú tó bí a ṣe fẹ́, kí a tó ha ẹ̀kọ kúrò.

Bátànì tí ẹ sọ yẹn, Júbílì ni, àwọn ìyá wa a tún máa pè é ní Olóba. Ọdún 1935 ni Ọba George Karùn-ún pé ọdún 25 lórí ìtẹ́. Ìgbà yẹn ni àwòrán òun àti Ayaba Mary wọ inú àdìrẹ wa. Ẹ bá mi kí àbúrò bàbá yín, ọgọ́rùn-ún ọdún ò tíì pé.

Ẹ̀gbá Gidi: Ṣé ẹ ti gbọ́? Iṣẹ́ ọwọ́ Abẹ́òkúta! Kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ wa.

Ọmọ Mesìọ̀gọ̀: Ẹ rọra o, ará Ẹ̀gbá. Ẹlẹ́kọ tí wọ́n fi ọwọ́ yà, Ìbàdàn ni ẹ ti máa wá a. Páànù tí wọ́n gé bátànì sí lára ni ẹ̀yin fi ń tẹ tiyín. Ẹni tó ń fi ìyẹ́ adìẹ yàwòrán àti ẹni tó ń fi páànù tẹ̀ ẹ́, ṣé ẹgbẹ́ ara wọn ni?

Ẹ̀gbá Gidi: Páànù náà, ta ló gé e? Ṣé ẹ ti jókòó ti ẹni tó ń gé páànù rí? Mo ti jókòó tì wọ́n. Wọ́n á tẹ́ páànù tẹ́ẹ́rẹ́ sórí pákó, wọ́n á fi ṣísẹ́lì kékeré máa lu ú díẹ̀díẹ̀. Láyé àtijọ́, èyí tí wọ́n tú lára àpótí tíì ni wọ́n ń lò. Tó bá jẹ́ òdòdó ni wọ́n ń gé, wọ́n gbọ́dọ̀ fi okùn tín-ín-rín sílẹ̀ nínú páànù tó máa so àárín òdòdó mọ́ ara rẹ̀. Bí ṣísẹ́lì bá ṣèèṣì gé okùn yẹn, àárín á já bọ́, páànù ọ̀hún ti bà jẹ́ nìyẹn. Ọkùnrin ló ń gé e, obìnrin ló ń fi ẹ̀kọ lé e lórí aṣọ. Ẹ wá ń sọ bí ẹni pé òòtẹ̀ lásán ni.

Túndé Kẹ̀kẹ́: Ó ku ìyà o! Láfún tí mo ń wá owó rẹ̀ láti àná, aṣọ ni wọ́n ń fi kùn.

Ìyá Wùràọlá: Túndé, ẹ yà sí ọjà Lafẹ́nwá, láfún wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ.

Lọ́yà Ìgbéìn: Ẹ jẹ́ ká wo ti òfin kí ẹnikẹ́ni tó gba owó. Òfin 77 ti ọdún 1979, èyí tó dá àjọ mùsíọ́mù àti ohun àtijọ́ sílẹ̀, sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ wa tí wọ́n ṣe ṣáájú 1918, ohun àtijọ́ ni. Ó tún fi kún un pé èyí tó bá ṣe pàtàkì fún ìtàn, iṣẹ́ ọnà tàbí sáyẹ́ǹsì, tí wọ́n sì ti lò rí fún ètùtù tàbí ayẹyẹ ìbílẹ̀, ohun àtijọ́ lòun náà, bó ti wù kí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré tó. Kò sẹ́ni tó láṣẹ láti ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀ àfi ẹni tí àjọ náà bá yàn. Kò sì gbọdọ̀ jáde nílùú láìgba ìwé àṣẹ. Júbílì ti 1935 kò sí lára èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú 1918. Ẹ kàn bi àwọn àgbà ilé bóyá màmá lò ó fún nǹkan orò rí.

Ìyá Wùràọlá: Ìjọba tún fẹ́ wá gba aṣọ lọ́wọ́ ọmọ olóògbé? Ọlọ́run máa rí i o.

Lọ́yà Ìgbéìn: Màmá, n ò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà.

Bọ̀dé Kútọ̀: 1918, 1935, èwo ló kan ẹni tebi ń pa? Ẹ TÀ Á.

Ọmọ Mesìọ̀gọ̀: Ẹ̀gbá Gidi, mo ka ti ṣísẹ́lì yín. Iṣẹ́ ni, n ò bú u. Ṣùgbọ́n ẹ wo bátànì wa tó ń jẹ́ Ìbàdàndùn. Òpó Gbọ̀ngàn Mápó tó wà n'Ìbàdàn ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì yà á lọ́wọ́, ìlà kọ̀ọ̀kan. Obìnrin kan jókòó pẹ̀lú ìyẹ́ adìẹ àti ìkòkò ẹ̀kọ, ó pín aṣọ sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, ó sì ń ya wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ mú ìró Ìbàdàndùn méjì wá, òpó tó wà lára èkíní ò ní bá ti èkejì dọ́gba. Páànù yín, ìgbàkígbà tí ẹ bá fi tẹ̀ ẹ́, bákan náà ni.

Ẹ̀gbá Gidi: Ẹ ṣeun tí ẹ dárúkọ Mápó. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí Mápó. Ó túmọ̀ sí pé Ìbàdàndùn yín ò lè ṣáájú 1929. Nígbà yẹn àwọn aláró Abẹ́òkúta ti ń tà fún àwọn oníṣòwò tó ń wá láti Sẹ̀nẹ̀gàl àti Gold Coast. Ẹ̀yin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ya òpó ni.

Ọmọ Mesìọ̀gọ̀: Bátànì kan ni mo dárúkọ! Ṣé òun nìkan la ní? Bátànì Olókun ńkọ́? Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ tí ẹ lọ mú Mápó.

Ẹ̀gbá Gidi: Ẹ̀yin lẹ mú Mápó wá. Ká tiẹ̀ sọ òótọ́, ibi tí ẹ wà yẹn, ilé àwọn bàbá wa Ẹ̀gbá ni tẹ́lẹ̀. 1830 la kúrò wá sábẹ́ Olúmọ.

Ọmọ Mesìọ̀gọ̀: Ẹ kúrò, àbí wọ́n lé yín?

Bàbá Kémta: Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, kí lẹ fẹ́ fi ogun ìgbà yẹn ṣe lórí ọ̀rọ̀ aṣọ? Ìyá Mapó, òrìṣà iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin, ló ni aró, kì í ṣe Ìbàdàn, kì í ṣe Abẹ́òkúta.

Túndé Kẹ̀kẹ́: Mo padà dé. Mo ti jẹ láfún, ewédú ni mo fi jẹ ẹ́. Ẹ máa bá ìjà lọ.

Ọmọ Mesìọ̀gọ̀: Láfún lẹ tún ń jẹ? Ẹ wá jẹ àmàlà gidi, àmàlà dúdú.

Ẹ̀gbá Gidi: Ẹ ẹ̀ rí i? Ẹnu yìí náà ló fi ń bú ẹ̀kọ wa.

Olùkọ́ Kẹ́mísírì: Mo fẹ́ fèsì sí gbólóhùn kan nínú ọ̀rọ̀ Àṣàbí Aláró. Ẹ pè é ní ìkòkò aró. Mélòó ló kù tó ń lo ìkòkò? Kẹ̀ẹ̀gì oníke àti sóòdà (caustic soda) ló kúnlẹ̀ báyìí. Kò sì sóhun tó burú níbẹ̀, nítorí ohun tó ń fún èlú, ewé aró wa, ní àwọ̀ náà ló wà nínú aró òyìnbó.

Àṣàbí Aláró: Olùkọ́, àwọ̀ lè jẹ́ ọ̀kan náà, iṣẹ́ ò jẹ́ ọ̀kan náà. Èlú, a ó gún ewé rẹ̀, a ó mọ ọ́n ní ìṣù, a ó sá a kó gbẹ. Eérú la fi ń mú omi rẹ̀, inú ìkòkò tí a dá ihò sí nídìí ni omi ti máa ń kán sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ ó fi ọjọ́ bíi mélòó kan dúró kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rú, imú ni a fi ń mọ̀ pé ó ti jí. Sóòdà ò mọ dídúró. Bí ẹ bá ṣi òṣùwọ̀n rẹ̀ lò, á jẹ ọwọ́, á jẹ òwú, kò ní pẹ́ tí aṣọ yóò fi máa fà ya.

Olùkọ́ Kẹ́mísírì: Tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n dáadáa ńkọ́? Ẹ ẹ̀ dáhùn ìyẹn.

Bàbá Kémta: Ìjà yìí ti pẹ́ o. Ní àwọn ọdún 1930, Aláké Adémọ́lá Kejì fòfin de sóòdà àti aró òyìnbó nítorí ariwo pé aṣọ Abẹ́òkúta ti ń bà jẹ́. Àwọn aláró fúnra wọn ló dìde takò ó. Wọ́n ní eérú wọ́n, ó ń fi àkókò ṣòfò, ọjà àwọn sì ń kú lọ.

Olùkọ́ Kẹ́mísírì: Ẹ ṣeun, bàbá. Àwọn ìyá wa gan-an ló jà fún sóòdà.

Àṣàbí Aláró: Wọ́n jà fún oúnjẹ ọmọ wọn. Ìyẹn ò sọ sóòdà di èlú.

Ọmọ Ìtòkú: Ẹ ṣeun gan-an. Ìpẹtà létí aṣọ ńkọ́? Ẹnì kan ní kí n fi Jik sí i.

Bọ̀dé Kútọ̀: Ẹ fi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, kẹ́ ẹ sì tà á.

Àṣàbí Aláró: Ẹ jọ̀ọ́, má fi Jik kan aró! Á pa á rẹ́ pátápátá, ojú ibẹ̀ á funfun bí òwú. Ọsàn wẹ́wẹ́ náà, ẹ má dán an wò lára aṣọ tó ti gbó. Ẹ fi ìpẹtà sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú àpótí oníṣó yẹn, ẹ fi aṣọ funfun tó mọ́ wé e, kí ẹ sì máa yí ojú ìṣẹ́po rẹ̀ padà kó má bàa gé síbẹ̀.

Ọmọ Mesìọ̀gọ̀: Àwọn lẹ́tà tó kọjú sẹ́yìn yẹn ló mú mi lọ́kàn. Páànù kì í ṣi lẹ́tà kọ lẹ́ẹ̀kan kó wá gbà á lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ wò ó dáadáa, tí lẹ́tà kan bá kọjú síwájú níbì kan, tó kọjú sẹ́yìn níbòmíì, ọwọ́ ni wọ́n fi yà á. Tí ó bá jẹ́ ọwọ́, Ìbàdàn ni.

Ẹ̀gbá Gidi: Wọ́n lè yí páànù dojú bolẹ̀ nígbà tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ ẹ̀ ronú sí ìyẹn.

Ọmọ Mesìọ̀gọ̀: Tí wọ́n bá yí i, ojú ọba náà á yí, gbogbo lẹ́tà ló sì máa yí pọ̀. Àwọn lẹ́tà kan péré ni Ọmọ Ìtòkú sọ pé ó yí.

Ẹ̀gbá Gidi: Ẹni tó gé páànù lè má mọ̀wé. Bó ṣe gé e ló ṣe jáde.

Ọmọ Mesìọ̀gọ̀: Ẹ ti wá gbà pé àwọn agépáànù yín ò mọ̀wé!

Ẹ̀gbá Gidi: Àwọn ayàwòrán yín mọ̀ ọ́n? Ẹ wá sí Ìtòkú, ẹ mú ìyẹ́ yín dání, kí èmi mú páànù.

Túndé Kẹ̀kẹ́: Mo lè gbé ẹni tó bá ń bọ̀ láti ibùdókọ̀ Kútọ̀. Owó ọkọ̀ ti wọ́n o.

Bọ̀dé Kútọ̀: Ẹ TÀ Á! Ẹ TÀ Á! Mélòó ni mo fẹ́ sọ?

Ọmọ Mesìọ̀gọ̀: Mo ń bọ̀. Ta ló máa gbé láfún tí a ó fi ṣe ẹ̀kọ kalẹ̀?