Ẹni Tó Ní Kí Àlejò Gbọ́ Èdè, Kó Ṣí Kíláàsì

Láti ọjọ́ 8 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2026, ẹni tó bá fẹ́ gba físà Skilled Worker, ìyẹn físà iṣẹ́, lọ sí Ìlú Ọba gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì dé ìpele B2, èyí tí ìjọba ibẹ̀ fúnra wọn fi wé A-level, ìdánwò tí ọmọ wọn ń ṣe kó tó wọ yunifásítì. B1 ni wọ́n ń béèrè tẹ́lẹ̀. A1 ló kéré jù nínú àwọn ìpele yìí, A2, B1, B2 àti C1 sì ń tẹ̀lé e lọ sókè. Nínú àbá tí mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé wọn, Shabana Mahmood, gbé jáde ní ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá ọdún 2025, B2 yìí kan náà ni wọ́n fẹ́ máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá ń wá ìwé ìgbélùú tí kò ní gbèdéke, èyí tí àwọn èèyàn wa ní Peckham àti Woolwich ní Lọ́ńdọ̀nù ń pè ní ìndẹ́fínìtì. Ọdún márùn-ún tí òṣìṣẹ́ fi ń dúró kó tó lè béèrè fún un yóò di mẹ́wàá. Òṣìṣẹ́ tí wọn kò ka iṣẹ́ rẹ̀ sí iṣẹ́ oníwèé yunifásítì yóò dúró fún ọdún 15, àwọn tó ń tọ́jú arúgbó sì wà nínú wọn. Ẹni tó bá gbọ́ èdè náà dé C1, wọn yóò dín ọdún kan kù fún un.

Ìwé ìròyìn yìí kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé ó yẹ kí àlejò gbọ́ èdè ìlú tó ń gbé. Obìnrin tí kò lè sọ ibi tó ń dùn ún fún dókítà wà nínú ewu, bó bá sì jẹ́ pé ọkọ rẹ̀ ló ń bá a sọ̀rọ̀ nígbà gbogbo, ewu náà tún pọ̀ sí i. Òṣìṣẹ́ tí kò lè ka ìwé àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ ni ọ̀gá burúkú máa ń rí rẹ́ jẹ. Àwa náà mọ̀ ọ́n nílé: oníṣòwò Ìgbò tó ti pẹ́ ní ọjà Gbági ní Ìbàdàn, Yorùbá ló fi ń bá àwọn oníbàárà rẹ̀ ná ọjà, ọjà náà ló sì kọ́ ọ. Ohun tí a kò fara mọ́ ni kí ìjọba máa gbé ìdánwò ga sókè nígbà tí wọ́n ń fa owó kíláàsì wálẹ̀.

Wọ́n sì ti fà á wálẹ̀ lóòótọ́. Ètò tí wọ́n ń pè ní ESOL ni England fi ń kọ́ àgbàlagbà àjèjì ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 2010, mílíọ̀nù 203 pọ́n-ùn ni ìjọba ná lé e lórí. Nígbà tó fi máa di ọdún 2016, mílíọ̀nù 90 péré ló kù. Ẹgbẹ́ òṣèlú kan gbé ìjọba sílẹ̀, òmíràn gbà á, ìdánwò ń le sí i, gbogbo wọn sì ń sọ pé àwọn àlejò kì í fẹ́ dara pọ̀ mọ́ ìlú.

Ta ni ìyà èyí máa jẹ? Kì í ṣe dókítà tó jáde ní Ifẹ̀, kì í sì ṣe ọmọ tó lọ ka másítà ní Manchester. Aya tàbí ọkọ tó tẹ̀lé òṣìṣẹ́ wá ni. Tẹ́lẹ̀, wọn kì í béèrè ìdánwò èdè lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá ń wọlé. Nínú ìwé àbá tí ìjọba Keir Starmer gbé jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, wọ́n fẹ́ kó mú A1 wá nígbà tó bá ń bọ̀, kó mú A2 wá nígbà tó bá ń sọ físà dọ̀tun, kó tó wá kan B2. Aránṣọ tó fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní Òṣogbo kó tó parí girama, tó ti ń gbé ní Thamesmead láti ọdún mẹ́rin, tó ń bá tíṣà ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ tí wọ́n sì ń yé ara wọn, irú rẹ̀ lè yege nínú B1 tí wọ́n ń béèrè fún ìndẹ́fínìtì, nítorí sísọ àti gbígbọ́ nìkan ni ìdánwò náà dá lé. Ṣùgbọ́n B2 tí wọ́n ń béèrè fún físà iṣẹ́ ní kíkà àti kíkọ nínú. Bí wọ́n bá gbé irú rẹ̀ wá síbi ìndẹ́fínìtì, àròkọ ni yóò fi obìnrin yìí sílẹ̀ sẹ́yìn. Bó bá sì ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà, tó ń délé ní àárọ̀ kó tó sáré mú ọmọ lọ sí ilé-ìwé, ìgbà wo ni yóò jókòó nínú kíláàsì? Kò sí ìlà kan nínú àbá yẹn tó pa ọ̀gá iṣẹ́ láṣẹ pé kó fún òṣìṣẹ́ ní wákàtí kan lọ́sẹ̀ láti fi kọ́ èdè.

Kì í ṣe pé kò sí ẹni tó ti gbìyànjú nǹkan mìíràn rí. Ní Jámánì, òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2005 béèrè B1 lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ jókòó pẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n dá ètò ẹ̀kọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀: wákàtí 600 fún èdè, àti wákàtí mìíràn, tó di 100 lẹ́yìn náà, fún òfin, ìtàn àti ìṣe ìlú. Ìjọba ń gbé nínú owó rẹ̀, ẹni tó bá ń gba owó ìrànwọ́ kì í san, wọ́n sì ti ṣètò kíláàsì fún àwọn ìyá ọlọ́mọ rí. Netherlands gba ọ̀nà òdìkejì. Ní ọdún 2013, wọ́n sọ fún àjèjì pé kó fúnra rẹ̀ wá ilé-ẹ̀kọ́, kó sì fúnra rẹ̀ sanwó. Ẹni tí kò bá lówó lọ́wọ́ lè yá tó ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá yúrò. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe yọ bí olú, gbèsè gun àwọn olùwá-ibi-ìsádi lórí, àwọn tó ń yege nínú ìdánwò sì dín kù. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2017, àjọ tó ń yẹ ìnáwó ìjọba wọn wò sọ ọ́ ní gbangba pé ètò náà kò so èso tí wọ́n retí. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2022, òfin tuntun ti dá ẹrù náà padà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ìpele èdè tí wọ́n ń béèrè lọ sókè nínú òfin yẹn, láti A2 sí B1. A kò bá wọn wí fún un, nítorí wọ́n gbà pé iṣẹ́ àwọn náà ni láti kọ́ni.

Ọ̀rọ̀ tó kan Nàìjíríà gan-an nínú èyí ti ń dun ọ̀pọ̀ èèyàn tipẹ́. Home Office, ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́lé Ìlú Ọba, ní ìwé kan tí wọ́n kọ orúkọ àwọn orílẹ̀-èdè sí, tí ọmọ ibẹ̀ kì í fi ẹ̀rí èdè Gẹ̀ẹ́sì hàn. Jamaica, Barbados, Guyana àti Malta wà nínú rẹ̀. Nàìjíríà, Ghana àti Kenya kò sí níbẹ̀. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà gbé ẹ̀bẹ̀ dìde lórí rẹ̀ láti ọdún 2021, èsì tí wọ́n gbọ́ ni pé ó kéré tán, ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ ilẹ̀ kan gbọ́dọ̀ máa sọ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí èdè àkọ́kọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀, èdè Maltese ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ Malta ń sọ nílé wọn. Ẹni tó kọ WAEC ní Gẹ̀ẹ́sì, tó fi Gẹ̀ẹ́sì gboyè jáde ní yunifásítì, gbọ́dọ̀ sanwó kí Ecctis, àjọ tó ń yẹ ìwé-ẹ̀rí òkèèrè wò, tó jẹ́rìí sí ìwé rẹ̀, tàbí kó lọ kọ ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì IELTS, èyí tí British Council jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ni ín. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá ọdún 2025, níbi àpérò kan tí British Council ṣe ní Àbújá, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ wa, Tunji Alausa, kéde pé ìjọba ti fagi lé ìlànà tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọdé, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa lò láti jéléósinmi dé yunifásítì. Ìpinnu yẹn bà wá nínú jẹ́, a ó sì padà sórí rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n ìjọba tó lè fi èdè àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí Gẹ̀ẹ́sì yẹ kó lè jókòó pẹ̀lú Lọ́ńdọ̀nù, kó sì béèrè pé kí kírẹ́díìtì Gẹ̀ẹ́sì nínú WAEC tàbí NECO tó gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. A kò tíì rí i kí Àbújá tẹpẹlẹ mọ́ ọn.

Èyí tó le jù nínú àbá náà ni pé wọ́n fẹ́ kó mú àwọn tó ti wà nílùú tí wọn kò tíì gba ìndẹ́fínìtì. Ọ̀gá tó gba ọmọ iṣẹ́ fún ọdún márùn-ún, tí ó wá sọ ní ọdún kẹrin pé ó di ọdún 15 kí ọmọ náà tó gba fíríìdọ̀m, gbogbo àdúgbò ni yóò pe ẹjọ́ rẹ̀ ní ẹjọ́ ẹ̀bi. Ní oṣù Kejì ọdún 2022 ni wọ́n ṣí físà fún àwọn olùtọ́jú àgbàlagbà, nígbà tí ilé ìtọ́jú kò rí òṣìṣẹ́. Àwọn èèyàn wa ta ilẹ̀, wọ́n yá owó, wọ́n lọ. Ọdún márùn-ún ni wọ́n bá nínú òfin, B1 ni wọ́n sì bá níbẹ̀.

Ilé ẹjọ́ Ìlú Ọba pàápàá ti gbọ́ irú ẹjọ́ yìí rí. Ní ọdún 2006, wọ́n yí òfin padà mọ́ àwọn tó wọlé lábẹ́ HSMP, ètò físà fún àwọn onímọ̀ iṣẹ́ gíga, lọ́wọ́, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Wọ́n tún sọ ọdún mẹ́rin tí wọ́n fi ń dúró de ìndẹ́fínìtì di márùn-ún. Àwọn àjèjì náà kóra jọ, wọ́n gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́ gíga, wọ́n sì jàre lẹ́ẹ̀mejì, ní ọdún 2008 àti 2009, nítorí ilé ẹjọ́ gbà pé ìlérí tí ìjọba ṣe kí wọ́n tó wọlé ṣì dúró. Ìjọba tó mọ ìdájọ́ yìí tó sì tún fẹ́ tọ ọ̀nà kan náà ń fi owó ìlú àti ìbàlẹ̀ ọkàn àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ṣòfò. Kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ Lébà ti Starmer nìkan: Kemi Badenoch, ọmọ Yorùbá tó dàgbà sí Èkó, ló kọ́kọ́ dá ọdún mẹ́wàá yìí lábàá fún ẹgbẹ́ Kọnsáfétífù ní oṣù Kejì ọdún 2025, Nigel Farage ti ẹgbẹ́ Reform UK sì ti ní òun yóò pa ìndẹ́fínìtì rẹ́ pátápátá bí òun bá wọlé.

Lórí Life in the UK, ìdánwò nípa ìtàn àti ìṣe ìlú tí ẹni tó ń wá ìndẹ́fínìtì tún ń ṣe, a kò ní pẹ́. Ìbéèrè 24 ní ìṣẹ́jú 45, 50 pọ́n-ùn, èèyàn sì gbọ́dọ̀ gba 18. Ní ọdún 2013, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thom Brooks ti yunifásítì Durham, ọmọ Amẹ́ríkà tí òun náà ti ṣe ìdánwò yìí rí, fi hàn pé ìwé tí wọ́n ń kà fún un ti yọ bí èèyàn ṣe ń forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà àti bó ṣe ń fi ọ̀ràn tó ọlọ́pàá létí kúrò, nígbà tó kún fún ìtàn àwọn ọba àtijọ́. Kí wọ́n dá àwọn ohun tí wọ́n yọ yẹn padà.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba Ìlú Ọba ni pé kí ẹni tó wọlé lábẹ́ B1 àti ọdún márùn-ún parí rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n dá owó ESOL padà, kó tó ó kéré tán iye tó wà ní ọdún 2010, kí B2 tó kan ẹnikẹ́ni. Kí ẹ̀kọ́ náà sì wà ní alẹ́ àti ní òpin ọ̀sẹ̀, nígbà tí òṣìṣẹ́ lè rí àyè.

Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń ka èyí kó má dúró dè wọ́n. Kó má sì ra ìwé-ẹ̀rí. Lẹ́yìn tí ètò Panorama ti BBC tú àṣírí màgòmágó inú ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní TOEIC ní oṣù Kejì ọdún 2014, ẹgbẹẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n gba físà lọ́wọ́ wọn, aláìṣẹ̀ kún inú wọn, àwọn kan sì fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ìdájọ́ kí orúkọ wọn tó mọ́. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì wa, àwọn mọ́ṣáláṣí wa àti ẹgbẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, ọmọ Èkìtì, ọmọ Ọ̀yọ́ ní tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì nínú wọn, wọ́n sì ní yàrá tó ń ṣófo láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹgbẹ́ tó lè dá owó gbọ̀ngàn fún àríyá ọjọ́ Sátidé lè ya yàrá kan sọ́tọ̀ ní alẹ́ Túsìdeè fún àwọn ìyàwó àti ọkọ tí ìdánwò yìí ń bọ̀ wá bá.