Wi-Fi Tún Ti Di Àwátì
Ó tún ti ṣẹlẹ̀! Mo ṣe àpídéètì Linux, ètò tó ń darí láptọ́ọ̀pù mi, lálẹ́ àná, mo tan láptọ́ọ̀pù láàárọ̀ yìí, Wi-Fi ò sí mọ́. Káàdì Wi-Fi ọ̀hún ò kúkú bàjẹ́. Mo tẹ lspci -k, àṣẹ tó ń to àwọn káàdì inú kọ̀ǹpútà àti dráífà tí wọ́n ń lò, orúkọ rẹ̀ hàn gbangba, àmọ́ ìlà “Kernel driver in use” tó yẹ kó wà lábẹ́ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Dráífà ni ètò tó ń jẹ́ kí kernel, ìyẹn ọkàn Linux, lè lo káàdì. Kernel àtijọ́ ni wọ́n kọ́ dráífà káàdì mi fún, kernel tuntun ò gbà á. Ètò kan tó ń jẹ́ DKMS ló yẹ kó tún un kọ́ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí headers kernel tuntun, ìyẹn àwọn fáìlì tó nílò láti fi kọ́ ọ. Headers ọ̀hún ńkọ́? Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà, íntánẹ́ẹ̀tì tí mi ò ní! Àfi ìgbà tí mo fi okùn USB so fóònù mọ́ láptọ́ọ̀pù ni mo tó rí íntánẹ́ẹ̀tì lò.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé àwọn tó ṣe káàdì yìí kọ̀ láti fi dráífà wọn sínú kernel gan-an, bí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti ń ṣe. Wọ́n ti gbowó tiwọn, àwa là ń jìyà. Ìgbà kẹta rèé láàárín oṣù mẹ́rin. Ó ti sú mi pátápátá.