Láti Kóńgò ni kí ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ ìtàn Fájúyì

Lánàá, nínú Máíkírà tí mo wọ̀ ní Mọ́kọ́lá, iyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí Fájúyì, sójà tó jẹ gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn, tí àwọn sójà ẹgbẹ́ rẹ̀ pa ní 1966. Ẹnìkan ló ní òun máa sọ̀ ní bárékè Fájúyì ní Odógbó, ni dẹ́rẹ́bà bá bi wá pé, "Ṣé ẹ tiẹ̀ mọ ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe bárékè yẹn?" Kí a tó dé Sángo, ọ̀rọ̀ ti dariwo. Ìyá tó jókòó tì mí ní ṣe ni Fájúyì bá àlejò rẹ̀, Aguiyi-Ironsi, kú, pé kò gbà kó dá kú. Ọmọkùnrin kan níwájú ní irọ́ ni, àwọn sójà tó pa wọ́n ń wá Fájúyì náà tẹ́lẹ̀ ni. Iyàn yìí ti wà kí wọ́n tó bí mi. Mo gba ti ìyá yẹn, àmọ́ mi ò dá sí i.

Ohun tó ká mi lára ni pé kò sẹ́ni tó dárúkọ Kóńgò.

Àríwá Katanga, ní Kóńgò, ni Adékúnlé Fájúyì, ọmọ Adó-Èkìtì, ti ṣe ohun tó fi gba Military Cross, àmì ẹ̀yẹ ìgboyà lójú ogun, ní 1961. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ló kó àwọn ọmọ ogun wa lọ síbẹ̀. Àwọn ọ̀tá ba dè wọ́n. Ẹ fojú inú wo ibùba ná: ilẹ̀ onílẹ̀ lẹ wà, ẹni tó ń yìnbọn rí yín, ẹ̀yin ò rí i, gbogbo ọmọ ogun yín sì ń wo ojú yín. Ẹ ní kí wọ́n sá, ọta lè bá wọn lẹ́yìn. Ẹ ní kí wọ́n dúró, ibẹ̀ lè di sàréè wọn. Fájúyì kó wọn jáde. Láyà nìkan ò lè ṣe é o. Orí ẹni gbọ́dọ̀ tutù bí omi àmù nígbà tí ọta ń fò.

Àwọn àgbà ní ikú ogun ní í pa akíkanjú. Ọkùnrin yìí lọ sógun, ó bọ̀. Oru July 28 mọ́jú 29, 1966, nílé ìjọba l'Ágodi, n'Ìbàdàn níbí, ni àwọn sójà tó wọ irú aṣọ tó wọ̀ yí i ká. Òun ni gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn. Aguiyi-Ironsi, olórí ìjọba ológun tó wá bá àwọn lọ́balọ́ba ṣèpàdé, ni àlejò rẹ̀. Wọ́n kó àwọn méjèèjì lọ sí ọ̀nà Ìwó, wọ́n sì pa wọ́n létí Lálúpọn. Ẹni 40 ọdún péré ni Fájúyì. (Ọmọ Ìbàdàn ni mí o, kí ará Èkìtì kankan má rò pé mò ń bá a polongo.)

Ẹni tó ti yọ nínú ibùba rí mọ bí wọ́n ṣe ń wá àlàfo; ká ní ó fẹ́ fi àlejò rẹ̀ sílẹ̀ ni, mo gbà pé ì bá wá ọ̀nà sá. Ìdí nìyẹn tí mo fi gba ti ìyá yẹn.

Nígbà tí mo fẹ́ sọ̀ ní géètì Yunifásítì ni mo wá sọ ti Kóńgò fún dẹ́rẹ́bà. "Kóńgò kẹ̀? Àwọn sójà wa dé Kóńgò?" Ó ní ọdún mẹ́jọ rèé tóun ti ń já èrò sí iwájú bárékè yẹn.