Ẹ Jẹ́ Ó Kú Síbẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn géèmù àtijọ́, ẹ máa bínú sí mi lónìí, ṣùgbọ́n màá sọ ọ́. Nínú gbogbo géèmù tí kò ní àwòrán, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ lásán lo máa kà tí o sì máa tẹ ohun tó o fẹ́ ṣe, Infidel ló parí dáadáa jù.

Ọdún 1983 ni iléeṣẹ́ Infocom ní Amẹ́ríkà gbé e jáde. Michael Berlyn wà lára àwọn tó kọ ọ́. Ìṣúra inú pírámídì lo wá lọ sí Íjíbítì. O jí nínú àgọ́, orí ń fọ́ ọ, ìta dákẹ́ rọ́rọ́. Àwọn lébìrà rẹ ti sá lọ. Kí ló dé? Géèmù náà ò fi bò rárá: owó táṣẹ́rẹ́ lò ń san, oúnjẹ àti omi ti ń tán lọ, lánàá lo tún ní kí wọ́n ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ mímọ́ wọn.

Ará Àbújá ò nílò àlàyé níbẹ̀ yẹn. Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé ní Lugbe tàbí Gwarinpa lọ́sàn-án Jímọ̀, ẹ wo bí ṣọ́bìrì ṣe ń sùn sórí yanrìn tí búta àlùwàlá ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Fọ́mààn wo ló máa ní kí wọ́n má lọ kírun? Tó bá dán an wò, òun àti sìmẹ́ǹtì ni wọn yóò jọ máa wo ara wọn láàárọ̀ Sátidé.

O wọ pírámídì. O túmọ̀ àmì ara ògiri, o yẹ pàkúté kan tẹ̀lé òmíràn. Nígbẹ̀yìn o ṣí pósí òkúta, ilé wó lù ọ́, ó tán. Ìyẹn ni jíjáwé olúborí o! Kò sí ìparí tó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Kubwa ní wọ́n rẹ́ òun jẹ. "Gbogbo ohun tí wọ́n ní kí n ṣe ni mo ṣe!" Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Tí Ìjàpá bá kàgbákò nínú àlọ́, a máa ń rẹ́rìn-ín, torí pé kì í ṣe àwa. Níbí, ìka tìrẹ ló tẹ "ṣí i". Kò sẹ́ni tó máa wá kà ẹ̀kọ́ rẹ̀ sí ọ létí.

Ibi tí àwọn tí kò gbà pẹ̀lú mi ti rí mi mú díẹ̀ ni pé o ti fìyà jẹ àwọn lébìrà yẹn kí o tó tẹ ọ̀rọ̀ kankan. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí a kà á tán, ta ló bi ara rẹ̀ pé owó wọn dà? Ìṣúra ni gbogbo wa sáré lé.

Wọ́n máa ń fi Planetfall, géèmù Infocom mìíràn tí Steve Meretzky kọ, tó jáde lọ́dún kan náà, dá mi lóhùn. Floyd, rọ́bọ́ọ̀tì aláwàdà yẹn, fi ẹ̀mí ara rẹ̀ lélẹ̀ fún ọ, àgbà ọkùnrin sì sunkún. Tó o bá wá ṣe é dójú àmì, wọ́n á tún un ṣe, á tún máa ṣàwàdà kiri! Mo fẹ́ràn Floyd dọ́kàn, ṣùgbọ́n kí wọ́n dá ẹkún mi padà.