Fireball nìkan kọ́ ló ń sọ èèyàn di Wizard gidi

Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ń gbá D&D (Dungeons & Dragons, eré orí tábìlì tí wọ́n ń fi dáìsì gbá) pé idán wo ló yẹ kí Wizard, ìyẹn oṣó inú eré náà, kó sínú ìwé ẹ̀, Fireball, ìyẹn bọ́ọ̀lù iná, ni wọ́n máa kọ́kọ́ dárúkọ, wọ́n á ní kẹ́ ẹ tún wá gbogbo idán míì tó ń jó èèyàn mọ́ ọn, torí pé iṣẹ́ Wizard ni kó pa ọ̀tá. Irọ́ ni o! Fireball dáa, mi ò bú u, àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ ná.

Nínú òfin eré náà ti 2014, dáìsì olójú mẹ́fà 8 lẹ máa jù fún un, ó sábà máa ń já sí nǹkan bí i 28, ẹni tó bá sì rí i yẹ̀ á gba ìdajì. Goblin, ọ̀tá kékeré kan, ò ní ju HP 7 lọ (HP ni iye ìyà tó lè jẹ kó tó ṣubú), tí wọ́n bá kóra jọ sójú kan, ẹ sọ ọ́ lù wọ́n, ìjà ti parí nìyẹn. Ogre tó jẹ́ òmìrán ńkọ́? 59 ni tiẹ̀. Wizard tó wà ní level 5 (ìpele karùn-ún), slot, ìyẹn àyè tí idán ń ná, 2 péré ló ní tó lè gbé Fireball, tó bá wá yìn méjèèjì lu Ogre mẹ́ta tí ìkankan nínú wọn ò tiẹ̀ yẹ̀ ẹ́, 56 náà ni, gbogbo wọn ṣì wà lórí ìdúró, bẹ́ẹ̀ Ogre tó ku HP 3 ṣì ń la kùmọ̀ mọ́ èèyàn bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe.

Slot kan náà ni Hypnotic Pattern, idán tó ń dá ọ̀tá dúró, ń jẹ. Tí Int yín (ìwọ̀n ọgbọ́n Wizard) bá jẹ́ 18 ní level 5 yẹn, dáìsì olójú 20 tí Ogre bá jù gbọ́dọ̀ já sí 17 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó bọ́, ìyẹn ni pé nínú ìgbà 10, ó máa mú un tó ìgbà 8. Á dúró bí ère fún ìṣẹ́jú kan, àfi tẹ́nì kan bá lù ú tàbí tó jí i, Fighter yín, ìyẹn jagunjagun inú ẹgbẹ́ yín, á wá máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo ti jókòó níbi tá a ti ń gbá a rí, tí ẹni tó mú Wizard kó idán iná nìkan, la bá bọ́ sọ́wọ́ àwọn devil, iná ò sì ràn wọ́n rárá, ó kàn ń wòran títí ìjà fi tán. Ó dùn mí gan-an.

Àmọ́ ẹ má tìtorí ẹ̀ kó Web, Haste, Fly àti Invisibility pọ̀ o, Concentration ni gbogbo wọn, ìyẹn idán tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ pọkàn pọ̀ sórí ẹ̀ kó má bàa parẹ́, ẹyọ kan ṣoṣo lẹ sì lè dì mú lẹ́ẹ̀kan. Èmi máa ń fi Shield (tó ń dáàbò boni) àti Misty Step (tó ń gbéni kúrò lójú ẹsẹ̀) sí i, torí Wizard tó ti kú ò lè pidán kankan.

Èyí tó ń ká mi lára jù ni àwọn tó ń fi Detect Magic, idán tó ń fi ibi tí idán wà hàn, gba àyè nínú idán 9 tí wọ́n lè múra sílẹ̀ ní level 5 yẹn. Ritual ni! Ẹ lè kà á látinú ìwé yín láìmúra ẹ̀ sílẹ̀, á kàn gbà yín ní ìṣẹ́jú 10 sí i, kò sì ní jẹ slot kankan. Bẹ́ẹ̀ náà ni Comprehend Languages àti Find Familiar.