Ẹ̀rọ Oníná Tí Wọ́n Ń Wọ̀ Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Ọ̀pá Ẹ̀yìn: Òun Kọ́ Ló Ń So Eegun Pọ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ti ṣe iṣẹ́ abẹ ìsopọ̀ eegun ẹ̀yìn ní Amẹ́ríkà, àti ọ̀pọ̀ ẹbí tó ń tọ́jú wọn, ló gbà pé bẹ́líìtì tàbí kọ́là oníbátìrì tí dókítà ní kí wọ́n máa wọ̀ nílé ló ń so eegun náà pọ̀. Wọ́n gbà pé ẹni tí kò bá rí i wọ̀ ti pàdánù èrè iṣẹ́ abẹ náà, àti pé ẹni tó bá ń wọ̀ ọ́ déédéé ti bọ́ lọ́wọ́ ewu. Èrò náà rọrùn láti gbà, nítorí pé ojú ń rí ẹ̀rọ náà, owó rẹ̀ sì pọ̀, nígbà tí iṣẹ́ gidi ń lọ lábẹ́ awọ níbi tí ojú kò tó. Síbẹ̀, kò tọ̀nà.

Nínú iṣẹ́ abẹ yìí, dókítà máa ń họ ojú eegun ẹ̀yìn méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi yọ, yóò sì to eegun mìíràn sí àárín wọn. Ó lè jẹ́ èyí tí wọ́n bù lára ìbàdí aláìsàn fúnra rẹ̀, ó sì lè jẹ́ èyí tí ẹni tó ti kú fi ta àwọn ènìyàn lọ́rẹ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sábà máa ń fi irin dè é. Irin náà dà bí pákó tí àwọn bíríkìlà fi ń gbé dẹ́kìn ró kí kọnkéré tó gan: ó ń di nǹkan mú ni, kì í ṣe òun ni ilé náà. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ojú ibẹ̀ àti àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń mọ eegun tuntun ló ń ṣe ìsopọ̀, wọ́n sì máa ń lo ọ̀pọ̀ oṣù kí wọ́n tó parí rẹ̀, nígbà mìíràn ó lè tó ọdún kan tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọn kò bá parí rẹ̀, irin náà lè tú tàbí kí ó ṣẹ́, kò sì sí bátìrì tó lè dúró ní ipò wọn.

Èyí kò wá sọ ẹ̀rọ náà di ẹ̀tàn. Ní ọdún 1957, àwọn ọmọ Japan méjì, Eiichi Fukada àti Iwao Yasuda, fi hàn pé bí a bá tẹ eegun, iná mọ̀nàmọ́ná díẹ̀ máa ń jáde lára rẹ̀, láti ìgbà náà sì ni àwọn onímọ̀ ti ń béèrè bóyá iná tí a bá fi sí eegun láti òde lè mú kí ó tètè dàgbà. Ní ọdún 1979, àjọ FDA, tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí ẹ̀rọ onírú èyí fún eegun tó ṣẹ́ tí ó sì kọ̀ láti jinná. Ti ọ̀pá ẹ̀yìn tẹ̀ lé e. Àwọn kan ń lo wáyà tí wọ́n ká, tó ń mú agbára òòfà jáde ní wéréwéré. Àwọn mìíràn ń lo ohun pẹlẹbẹ méjì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ awọ. Wákàtí tí wọ́n fi ń wọ̀ wọ́n yàtọ̀ gan-an: ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́ ti tó fún òmíràn, èyí tí wọ́n ń pè ní CervicalStim ń gba wákàtí mẹ́rin, tí àwọn onílílẹ̀ mọ́ awọ sì wà lára tọ̀sán-tòru.

Ìbéèrè tó yẹ kí a bi wọ́n ni pé kí ni wọ́n fi kún ohun tí ara ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ìwádìí tí FDA gbé yẹ̀ wò kí ó tó fọwọ́ sí CervicalStim ní ọdún 2004, tí Foley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2008, dá ìbéèrè náà lóhùn dé ìwọ̀n kan. Aláìsàn 323 ló kópa, gbogbo wọn ló ṣe iṣẹ́ abẹ ọrùn, gbogbo wọn ló sì wà nínú ewu pé eegun wọn lè má so, yálà nítorí pé wọ́n ń mu sìgá púpọ̀ tàbí nítorí pé oríkèé tí wọ́n so ju ẹyọ kan lọ. Ní oṣù kẹfà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, eegun ti so lára ìpín 83.6 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó wọ ẹ̀rọ, ó sì ti so lára ìpín 68.6 àwọn tí kò wọ̀ ọ́. Ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún kan pé, ó di 92.8 sí 86.7, ìyàtọ̀ tó ṣẹ́ kù sì kéré débi pé ó lè jẹ́ kòńgẹ́ lásán. Ẹni tó ń ta ọjà yóò fẹ́ kí a dúró sí oṣù kẹfà. Ìdí rẹ̀ kò fara sin.

Ohun méjì tún wà nínú ìwádìí náà tí mo kà sí pàtàkì ju ìṣirò yẹn lọ. Àkọ́kọ́ ni pé wọn kò fún àwọn tó kù ní ẹ̀rọ àfarawé tí kò ní agbára nínú, nítorí náà olúkúlùkù mọ ẹgbẹ́ tí òun wà. Èkejì ni pé ìrora ọrùn àti agbára láti ṣe iṣẹ́ òòjọ́ kò yàtọ̀ láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì. Ohun tí ẹ̀rọ náà yí padà ni àwòrán X-ray. Aláìsàn kò sì lọ sábẹ ọ̀bẹ nítorí àwòrán.

Ìwádìí tó lo ẹ̀rọ àfarawé wà pẹ̀lú. Èyí tí Linovitz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 2002 wo àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn láìsí irin kankan: ní oṣù kẹsàn-án lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, ìpín 64 nínú ọgọ́rùn-ún ló so fún àwọn tí ẹ̀rọ tiwọn ń ṣiṣẹ́, ìpín 43 ló so fún àwọn tí tiwọn kò ní agbára. Mo gbà pé èyí jẹ́ ẹ̀rí gidi, ṣùgbọ́n ara àwọn obìnrin ni ìyàtọ̀ náà ti hàn kedere, kò sì hàn bẹ́ẹ̀ lára àwọn ọkùnrin. Ní Denmark, nígbà tí wọ́n fi irú ẹ̀rọ tí wọ́n ń rì sínú ara dán àwọn àgbàlagbà tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún wò, kò ran ìsopọ̀ lọ́wọ́ rárá, bẹ́ẹ̀ ó sì jẹ́ pé eegun àgbàlagbà gan-an ló máa ń lọ́ra láti so.

Nítorí náà, ẹni tí ewu wà lórí rẹ̀ ni ẹ̀rọ yìí wà fún, kì í ṣe gbogbo ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Àwọn tó ń san owó náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Medicare, ètò ìlera tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ń fi bójú tó àwọn tó ti pé ọdún 65, kì í sanwó rẹ̀ fún ẹni tí wọ́n so eegun méjì péré fún ní ìgbà àkọ́kọ́. Ẹni tí ìsopọ̀ rẹ̀ kò so lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án, ẹni tí wọ́n ń tún ibi kan náà ṣe nítorí pé ti àkọ́kọ́ kùnà, tàbí ẹni tí wọ́n so eegun mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ni wọ́n ń san án fún. Bí dókítà kò bá kọ ọ́ fún yín, kò túmọ̀ sí pé ó fi nǹkan dù yín.

Fún ẹni tí ewu náà sì wà lórí rẹ̀ nítorí sìgá, nikotíìnì ń fún òpó ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ó sì ń dí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń mọ eegun lọ́wọ́, kò sì sí ẹ̀rọ tó ń wẹ̀ ẹ́ kúrò lára. Bẹ́ẹ̀ náà ni àtọ̀gbẹ tí kò sí lábẹ́ ìkáwọ́. Mo rí i pé àwọn kan ń fi ẹ̀rọ náà ṣe àwíjàre láti máa mu sìgá wọn lọ, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n kọ̀wé yìí.

Àṣìṣe mìíràn tó máa ń bá èyí rìn ni dída ẹ̀rọ náà pọ̀ mọ́ TENS, ẹ̀rọ kékeré tó ń ta ara jìnnìjìnnì, tí ẹnikẹ́ni lè rà láìsí ìwé dókítà. Ìrora ni TENS wà fún. Kò sí nínú àwọn tí FDA fọwọ́ sí fún ìsopọ̀ eegun. Ní ìdàkejì, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí fún eegun kì í jẹ́ kí ènìyàn mọ nǹkan kan lára, àwọn kan sì ń rò pé ó ti bàjẹ́ nítorí bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí dókítà ti kọ tirẹ̀ fún kò ní ìdí láti jù ú sílẹ̀ nítorí ohun tí mo sọ yìí. Kí ó wọ̀ ọ́ fún iye wákàtí tí wọ́n sọ, nítorí pé ẹni tó ń fò ó kò lè retí èyí tó kéré jù nínú àǹfààní rẹ̀. Aláìsàn kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń kọ ọ́ fún, nítorí náà kò yẹ kí a fi èyí tí ẹnì kan ti lò tán ránṣẹ́ sílé fún bàbá tàbí ìyá tí ẹ̀yìn ń dùn, pàápàá bí àgbàlagbà náà bá ní ẹ̀rọ tó ń darí lílù ọkàn nínú àyà, tí agbára òòfà lè da iṣẹ́ rẹ̀ rú.