"No" nìkan kò tó fún "má" lédè Sípéènì

Ìmọ̀ràn kan ń káàkiri pé tí a bá fẹ́ sọ fún èèyàn lédè Sípéènì pé kó má ṣe nǹkan, ká ṣáà fi "no" síwájú ọ̀rọ̀ àṣẹ: "habla" ("sọ̀rọ̀") á di "no habla". Ó rọrùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀.

"No habla" kì í ṣe àṣẹ. "Kò sọ̀rọ̀" tàbí "kì í sọ̀rọ̀" ló jẹ́. "Má sọ̀rọ̀" ni "no hables".

Ibi tó ń rú àwa Yorùbá lójú nìyí. "Kò" àti "má" la fi ń ya méjèèjì sọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ ìṣe wa kì í yí padà. "No" kan ṣoṣo làwọn elédè Sípéènì ní, nítorí náà ìparí ọ̀rọ̀ ìṣe ló ń yí. Ọ̀rọ̀ ìṣe tó parí sí -ar á gba e: "hablar", "no hables". Ti -er àti -ir á gba a: "no comas" ("má jẹun"), "no escribas" ("má kọ̀wé").

Kí ló dé tí ìmọ̀ràn yẹn fi ń jọ òótọ́? Torí pé ó bá "usted" mu, ìyẹn ẹni tí à ń bọ̀wọ̀ fún: "hable", "no hable". Ọ̀rẹ́ tàbí àbúrò tí à ń pè ní "tú" ni kò bá mu.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò nínú ìwé atúmọ̀ Real Academia Española, ìyẹn àjọ tó ń bójú tó èdè Sípéènì, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá "hablar", kí ẹ wo "presente" lábẹ́ "subjuntivo". Ẹ má wo "imperativo", ìyẹn ọ̀rọ̀ àṣẹ, o. "Habla" lẹ máa bá níbẹ̀, ẹ ò ní rí "hables".